Àwọn àṣìṣe tó ń lé olùdámọ̀ràn lórí owó kúrò nídìí iṣẹ́ n'Ìbàdàn

N'Ìbàdàn, ẹni tó ń fi owó rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ láàárọ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí bàbá tẹ́ ẹ jọ ń kírun Jímọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń dùn, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń bàjẹ́. Ìṣirò owó kì í ṣòro tó ìtìjú. Ojú ń tini láti sọ pé rárá fún ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ kí, ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí ló sì ti ibẹ̀ wá.

Gbígba owó sọ́wọ́

Ìyá aláṣọ ní Gbági á ka owó tán, á dì í sínú ọ̀rá dúdú, á so ó ní ìso méjì, á ní, "Ọmọ mi, bá mi kó o lọ síbi iṣẹ́ yín, mi ò ráyè àtitò ní báǹkì." Má gbà á. Ó lè bínú díẹ̀, má gbà á síbẹ̀. Ọjọ́ tó o bá gba ọ̀rá yẹn lo di alájọ, iṣẹ́ alájọ sì ní ìlànà tirẹ̀: ó ní káàdì, owó ọjọ́ kan ló ń mú lóṣù, gbogbo ọjà ló mọ àdéhùn rẹ̀. Ìwọ ò ní àdéhùn kankan ju ẹ̀rín tẹ́ ẹ jọ rín lọ.

Bó ṣe máa ń bàjẹ́ nìyí. Ọjọ́ Ẹtì lo gbowó, ó di dandan kó sùn nínú àkáǹtì rẹ títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n á pè ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé owó ilé-ìwé ọmọ ti pé, wàá ní, "Ẹ jẹ́ n yá a lò ná." Bí ìyẹn ò bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí ọlọ́jọ́ bá dé, báǹkì á ti àkáǹtì rẹ pa, owó ìyá aláṣọ á sì wà nínú ogún àwọn ọmọ rẹ. Ó di ẹjọ́ nìyẹn.

Orúkọ oníbàárà ni àkáǹtì ìdókòwò gbọ́dọ̀ jẹ́, BVN tirẹ̀ ni kó wà níbẹ̀, inú àkáǹtì tirẹ̀ sì ni owó gbọ́dọ̀ ti lọ tààrà sí ti ilé-iṣẹ́ tí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, fún níwèé àṣẹ. Bó bá jẹ́ owó nọ́tì, bá a rìn dé báǹkì, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí tẹ́là. Nọ́ńbà fóònù tí àlẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ tìrẹ. Èyí ni wọ́n fi ń ṣeré jù: wọ́n á kọ nọ́ńbà ara wọn sí fọ́ọ̀mù nítorí pé "màmá ò mọ fóònù lò." Kó o tó ṣàlàyé ìyẹn tán lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ilẹ̀ á ti ṣú.

Ṣíṣe ìlérí èrè

MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ tó ń fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀, ti owó àwọn èèyàn pa lóṣù Kejìlá 2016. CBEX tó ní òun á sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ṣubú lóṣù Kẹrin 2025, àwọn tí inú ń bí sì ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. Ẹni tó mú àwọn ará àdúgbò wọlé nítorí kọ́míṣàn kò ní ọ́fíìsì tí wọ́n lè kó. Ilé rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 náà ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìlérí kékeré náà ń ba orúkọ jẹ́, pàápàá tí ohun tó ń tà ò bá yé olùdámọ̀ràn fúnra rẹ̀. Mú treasury bill, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, ọlọ́jọ́ 364 tí wọ́n kéde ní 18%. Ọ̀pọ̀ á sọ fún oníbàárà pé kó mú mílíọ̀nù kan wá, ₦180,000 lèrè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ni wọ́n ti ń yọ èlé rẹ̀: oníbàárà á san nǹkan bíi ₦820,500, á sì gba ₦1,000,000 lọ́jọ́ tó bá pé. Èrè ₦179,500 lórí ₦820,500 lé díẹ̀ ní 21.8%. Ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé níwájú rẹ̀, kó o wá bi í pé ṣé àpò ìrẹsì tó rà lọ́dún tó kọjá, iye yẹn náà ló ṣì ń rà á. Bí ọjà bá gbówó lórí ju èrè lọ, owó pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ dín kù. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Owó báǹkì náà ní ibi tí ààbò rẹ̀ pin sí. Láti ọdún 2024, ₦5 mílíọ̀nù ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báǹkì, ń dáàbò bò fún oníbàárà kan ní báǹkì ńlá kan, ₦2 mílíọ̀nù ní báǹkì microfinance. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní UCH tó kó ₦18 mílíọ̀nù sí microfinance kan ṣoṣo nítorí èlé, ₦16 mílíọ̀nù rẹ̀ ló wà níta lójú òjò.

Fífi next of kin ṣe ajogún

Àṣìṣe yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní agbo-ilé. Orúkọ tí wọ́n kọ sí àyè next of kin kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí wọ́n máa pè ni. Bí onítọ̀hún bá kú láìní ìwé ìhágún, ìdílé gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ àbójútó dúkìá ní ilé ẹjọ́ gíga kí báǹkì tó tú owó sílẹ̀. Olùdámọ̀ràn tó bá ti sọ fún ìyàwó kékeré pé "orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀" ti dá ogun sílẹ̀.

Ṣírò ó wò. Bàbá fi ₦12 mílíọ̀nù sílẹ̀, ìyàwó méjì: ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba ₦6 mílíọ̀nù; ọmọ ìyáálé nìkan á kó ₦6 mílíọ̀nù, àwọn márùn-ún yòókù á gba ₦1.2 mílíọ̀nù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ₦2 mílíọ̀nù ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá sì jẹ́ Mùsùlùmí tí ìdílé fẹ́ pín in nílànà ẹ̀sìn, ìṣirò tún yí padà. Iṣẹ́ rẹ ni láti fi àwọn iye yìí han bàbá nígbà tó ṣì wà láàyè, kó o sì mú un lọ bá lọ́yà. Má ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún tí wọ́n ti kọ nǹkan sílẹ̀ fún ọ. Ohun tí wọ́n kọ fún ọ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Níbi òkú, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí iye. "Ẹ jẹ́ kí lọ́yà dé" ti tó.

Àìbéèrè nípa ẹ̀sìn

Ó yani lẹ́nu pé olùdámọ̀ràn á jókòó ti Alhaji ní Ọjà'ba fún wákàtí kan, á máa pọ́n èlé lé, kò ní bi í bóyá ó ń sá fún ribà, ìyẹn èlé tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ̀. Bi í níbẹ̀rẹ̀. Sukuk ìjọba àpapọ̀, ìwé ìdókòwò tó bá ìlànà Ìsìláàmù mu, ti wà láti ọdún 2017, ₦10,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, owó háyà, tí kì í ṣe èlé, ló sì ń mú wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Sísọ òde ayẹyẹ di ṣọ́ọ̀bù

Ra aṣọ ẹbí, bá wọn jó, má kó fọ́ọ̀mù lọ. Ẹni tó bá ń pín káàdì níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á máa sá fún un níbi ìgbéyàwó. Èyí tó burú jù ni ẹnu. "Mílíọ̀nù márùn-ún Màmá Lágbájá ló wà lọ́wọ́ mi": o rò pé ò ń polówó ara rẹ, gbogbo tábìlì ti mọ̀ pé bó o ṣe máa sọ tiwọn náà nìyẹn. Àná màmá náà sì lè wà lórí àga kejì.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ọ́ ṣe akápò, yan ọ̀kan: akápò, tàbí ẹni tó ń bá wọn dókòwò. Bó o bá ṣe méjèèjì, ìwọ lò ń fọwọ́ sí owó, ìwọ náà lò ń gba kọ́míṣàn lórí rẹ̀. Ohun tó ń mú oníbàárà wá láìlérò ni kó o bẹ ìyálọ́jà pé kó fún ọ ní ìdajì wákàtí níbi ìpàdé wọn, kó o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wò lórí ìkànnì SEC, kó o sì lọ láì ta nǹkan kan.

Sísá nígbà tí owó bá dín

Tí ìpín ilé-iṣẹ́ bá ṣubú, àwọn kan kì í gbé ìpè mọ́. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìyẹn àti olè lójú màmá tó ń pè? Lọ bá a kó tó gbọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tẹ ìwé àkáǹtì rẹ̀ jáde, kà á fún un ní Yorùbá lójú ọmọ kan tó fọkàn tán, kí ẹ̀dà kan kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlà tó dín kù ni kó o kọ́kọ́ kà.