Aago Mélòó Ni Wọ́n Fa Ẹ̀jẹ̀ Yìí? Bí Mo Ṣe Wádìí Ìtóbi Platelet ní Kábà

Màmá kan láti Ìyàrà ló dá gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó gbóná, bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kì í lè ṣí ìgò omi. Nígbà àkọ́kọ́, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí láàbù ilé ìwòsàn wa ní Kábà, níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ìtóbi platelet (àwọn wóńwé kan nínú ẹ̀jẹ̀) rẹ̀, èyí tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní MPV, jẹ́ 9.6. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kò rówó ọkọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ bá a fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi rán ọlọ́kadà sí wa. A mọ ọlọ́kadà yìí dáadáa. Bó bá gbé ẹ̀jẹ̀ dání, yóò tún gbé èrò méjì lọ́nà, yóò yà jẹun lọ́jà, lẹ́yìn náà ni yóò wá yọ sí wa, yóò kí wa bí a ṣe ń kí ara wa lágbègbè yìí: "Òkun o! Ẹ kú iṣẹ́ o!" bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. MPV ti di 11.0.

Inú dókítà dùn. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, ó ti gòkè! Oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa lè máa rò pé tí nọ́ńbà àìsàn bá gòkè, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Platelet ni àwọn wóńwé tó ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà tán. Wọn kì í ṣe odindi sẹ́ẹ̀lì. Èérún ni wọ́n, tó ń já lára sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó ń gbé inú mùdùnmúdùn egungun. Fífẹ̀ wọn ò ju máíkírómítà 2 sí 3 lọ, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa tó bíi 7 tàbí 8. Ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n ń lò láyé. Giulio Bizzozero, dókítà ará Ítálì, ló ṣàpèjúwe wọn àti iṣẹ́ wọn lọ́dún 1882. Láti ìgbà náà la ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ju dídí ọgbẹ́ lọ. Wọ́n ru àpò kéékèèké tí kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sójú ìjà. Ibi tí ara bá ti wú, tó pọ́n, tó gbóná, ẹ máa bá wọn níbẹ̀.

Tí ara bá ń jà báyìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ IL-6 jáde. Èyí á dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kó tẹra mọ́ṣẹ́, platelet tuntun á sì máa tú jáde. Àwọn tuntun yìí máa ń tóbi ju àwọn tó ti pẹ́ lọ, agbára wọn sì pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ì bá rọrùn: ìjà pọ̀, nọ́ńbà gòkè. Ṣùgbọ́n tí ìjà bá le gan-an, àwọn ńlá wọ̀nyẹn náà ló ń sáré lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń run sí. Àwọn kéékèèké ló ń ṣẹ́ kù nínú iṣan tí a ti ń fa ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí MPV fi sábà máa ń ga lára àwọn alárùn ọkàn àti alátọ̀gbẹ, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ olùwádìí rí i pé ó ń wálẹ̀ nígbà tí àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid bá gbóná, tó sì tún ń gòkè tí oògùn bá mú un rọlẹ̀.

Ohun tí dókítà rí nìyẹn. Láti 9.6 sí 11.0, ó ní oríkèé màmá ti ń tutù. Kò sì jẹ́ torí àìmọ̀ ló ṣe fẹ́ràn nọ́ńbà yìí. Ohun èlò tí a fi ń ṣe CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi irú ìjà inú ara bẹ́ẹ̀ hàn, máa ń tán lọ́wọ́ wa, àpò aláìsàn sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. ESR, àyẹ̀wò mìíràn tó ń fi ìjà náà hàn, ní tirẹ̀, wákàtí kan gbáko la máa fi gbé ẹ̀jẹ̀ nàró nínú ọ̀pá kó tó ṣeé kà. Ṣùgbọ́n MPV wà lórí gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Mo bi í pé, ọwọ́ màmá ńkọ́? Ó ní wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ó ṣì wú. Ara mi ò gbà á. Mo gbé túùbù náà, mo yí i síwá sẹ́yìn. Orúkọ wà lára rẹ̀, ọjọ́ wà, aago ò sí. A pe ilé ìwòsàn kékeré náà. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí n tó fi sẹ́nu ẹ̀rọ.

Inú túùbù ọlọ́mọrí àlùkò la ń fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò yìí sí. Oògùn EDTA tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gba kálísíọ̀mù mọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má bàa dì. Ṣùgbọ́n platelet tó bá wà nínú EDTA kì í dúró bó ṣe wà nínú ara. Pẹlẹbẹ ló rí tẹ́lẹ̀, bí àwo. Níbẹ̀ yóò di roboto, yóò máa wú. Ẹ̀yin náà ẹ ronú gàárì. Ẹni méjì bu kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan rẹ tirẹ̀ láàárọ̀, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i. Ẹni tó bá wọlé lọ́sàn-án yóò búra pé gàárì ẹni àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù.

A kọ́ wa ní èyí nílé ìwé. Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni iye tí yóò fi wú lórí ẹ̀rọ tiwa, nínú ooru tiwa. Mo pinnu láti wọ̀n ọ́n fúnra mi.

Èèyàn márùn-ún gbà fún mi: èmi fúnra mi, ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní láàbù, kọ́pà kan, bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, àti ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa. Mo ṣàlàyé fún kálukú pé a ò wá àìsàn lára ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá fẹ́ lè kọ̀. Bàbá ẹnu géètì bi mí bóyá màá tà á. Ó di dandan kí n fi ìyókù hàn án nígbà tí mo fẹ́ dà á nù.

Túùbù méjì ni mo fa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àlùkò kan, búlúù kan. Èyí tó jẹ́ búlúù, citrate ló wà nínú rẹ̀, platelet kì í wú nínú rẹ̀ tó bó ṣe ń wú nínú EDTA. Àlùmọ́kọ́rọ́yí rẹ̀ ni pé oògùn náà ń bu omi là ẹ̀jẹ̀, nítorí náà iye platelet tí ẹ̀rọ bá kà níbẹ̀, a ní láti fi 1.1 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí mo ti fà á tán, mo rọra ń dojú túùbù kọ̀ọ̀kan dé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Mi ò mì ín o. Ẹni tó bá ń mi ẹ̀jẹ̀ bí ìgò oògùn ikọ́ ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni. Mi ò gbé wọn sínú fíríìjì náà, nítorí òtútù ń yí platelet padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ iye inú rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò. Mo wá to áláàmù sórí fóònù: ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 30, wákàtí 1, wákàtí 2, wákàtí 4, wákàtí 6. Iná lọ kí wákàtí kejì tó pé. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ti lọ sóko rẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro wá, ó sì jẹ́ pé a fi ìṣẹ́jú 11 pẹ́. Mo kọ ìṣẹ́jú 11 náà sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀rọ yìí kì í fi ojú rí platelet. Ìlànà tí Wallace Coulter gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953 ló ń lò. A ó fi omi la ẹ̀jẹ̀ gan-an, a ó jẹ́ kó gba ihò tín-ín-rín kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá kọjá níbẹ̀ yóò dí iná náà lọ́wọ́ díẹ̀, èyí tó bá tóbi a dí i púpọ̀. Bí ẹni tó jókòó sínú yàrá tó ń fi ìró ẹsẹ̀ mọ̀ bóyá àgbà ló ń kọjá tàbí ọmọdé ni. Ó sì lè ṣi ẹsẹ̀ gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó ń gbálẹ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ ta àmì ìkìlọ̀ sí ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo wo ibòmíràn lórí ìwé náà, ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, tó yẹ kó wà láàárín 80 sí 100, jẹ́ 66. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti kéré báyẹn, ẹ̀rọ lè ka díẹ̀ nínú wọn mọ́ platelet ńlá. Mo yọ tirẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, mo sì mú ìwé rẹ̀ lọ bá dókítà kí wọ́n wádìí bóyá irin ló dín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ní a ò wá àìsàn!

Tèmi rèé nínú túùbù àlùkò: 8.8 ní ìṣẹ́jú 10, 9.2 ní ìṣẹ́jú 30, 9.4 ní wákàtí 1, 9.7 ní wákàtí 2, 10.0 ní wákàtí 4, 10.2 nígbà tí wákàtí 6 pé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, apá kan náà, èmi tí n kò ṣàìsàn. Nínú túùbù búlúù, láti 8.5 ni, kò sì kọjá 8.8. Ti àwọn yòókù náà gòkè, àmọ́ kò gòkè bákan náà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ti kọ́pà fi 1.7 gòkè, ti bàbá ẹnu géètì ò ju 0.6 lọ. Ohun tí mo ti ń gbèrò ni pé tí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́, a ó kàn yọ iye kan kúrò. Kò ṣeé ṣe. Kò sí iye kan tó bá gbogbo èèyàn mu.

Mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì náà, mo fi àwọ̀ Leishman kùn ún, mo wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù, kí n lè mọ̀ pé platelet wọn ò so pọ̀ mọ́ra, nítorí nínú EDTA ti àwọn ẹlòmíràn máa ń so bí ìdì ẹ̀wà. Tiwa ò so.

Lọ́jọ́ kejì mo kó ìwé náà lọ bá dókítà. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la wá fẹ́ ṣe sí ti màmá?" Mo ní kí wọ́n wá. A dá owó ọkọ̀ jọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé, mo kí wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé a tún fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti mọ́ mi lára." Ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn tí mo fa ẹ̀jẹ̀ náà ni mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ. 9.5. ESR rẹ̀ jẹ́ 68, èyí tó ga gan-an. Oògùn ọ̀hún ò tíì ṣe nǹkan kan. Dókítà kọ̀wé fún wọn lọ́jọ́ náà láti lọ rí onímọ̀ àrùn oríkèé.

Bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí ò le. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a bá fẹ́ ka MPV rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 lẹ́yìn tí a fà á ló gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ. Èyí tó bá ju wákàtí 2 lọ, mo máa ń fi bírò fa MPV rẹ̀ gé lórí ìwé kí n tó fi ránṣẹ́. Iye platelet inú rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lórí ẹ̀rọ mìíràn, a kì í fi wé tiwa. Kálukú la ń fi wé ara rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo sì ti sọ fún dókítà pé mi ò ní jẹ́ kí MPV nìkan dá ẹjọ́ lábẹ́ òrùlé mi, pàápàá nígbà òjò, tí ibà ń fà platelet wálẹ̀ lára ìdajì àwọn tó ń wọlé, tó sì ń yí ìtóbi wọn padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́. Ó ṣì máa ń yọjú wá béèrè rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wa ti ní ojú ibi tí wọ́n ń kọ aago sí. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó ń fẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ ń kọ ọ́, àfi àwọn kan tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn ní aago mẹ́jọ géérégé, èyí tí mi ò gbà gbọ́. Ọlọ́kadà wa ńkọ́? Ó ṣì ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹnu géètì báyìí, aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pariwo, kó tó wá sọ pé "Òkun o."