Títọ ipasẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn káàkiri ayé nínú ìwé kan ní Iléṣà

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Aṣọ ni ó ń tà ní àwìn láti ìlú dé ìlú, ohun tí kì í sì í gbàgbé sílé ni ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó fi ń kọ orúkọ oníbàárà, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí ó gba aṣọ, iye tí ó ti san àti iye tí ó kù. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá sọnù, owó náà di àwátì. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2020 pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà, tí iye tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lálaalẹ́, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo rà ní Ẹréjà, tí mo fi ń tọ ipasẹ̀ àrùn náà. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ àròpọ̀, àyọkúrò àti pínpín lè ṣe é, àti nítorí pé ó dá mi lójú pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kì í bẹ̀rù lásán, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ lásán.

Ìwé kan, rúlà, bírò aláwọ̀ méjì àti fóònù tó lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ náà ti tó, bí kò bá jẹ́ pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná.

Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ìrìn tí ó rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ká ní ẹnìkan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta mu àgbo, kí ó sì lo oògùn tí ó rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí dókítà bá fura, yóò ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò ṣètò bí wọn yóò ṣe ti òwú bọ aláìsàn náà nímú àti lọ́fun, tí wọn yóò sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èsì yóò dé olú ìlú ìpínlẹ̀, yóò ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ní Àbújá, yóò sì ti Àbújá dé ọ̀dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Kòrónà fúnra rẹ̀ máa ń lò tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lára èèyàn kí ó tó fara hàn, nígbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí i pé iye tí ẹ kà lálẹ́ òní, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn ni ó ń sọ. Iye àwọn tó kú tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí àrùn náà yóò pa sábà máa ń wà lórí àìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá kéde kónílé-ó-gbélé lónìí, ẹ má retí pé kí iye wálẹ̀ lọ́la.

Ẹ fa ìlà sí ojú ewé, kí ẹ pín in sí àyè mẹ́fà: ọjọ́, ibi, iye tuntun, àpapọ̀, iye tó kú, àti iye tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tuntun àti àpapọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ ni mo ń kọ sí àyè iye tuntun fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, tí mo sì ń rò wọ́n pọ̀ lórí ara wọn. Ohun tí mo rí dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ ìyá mi pé kí wọ́n má dé ọjà Atákúnmọ́sà mọ́. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì sì rà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi bírò pupa kọ àpapọ̀, tí mo sì ń fi dúdú kọ iye tuntun. Bí àpapọ̀ nìkan ni ìkànnì kan bá gbé jáde, ẹ yọ àpapọ̀ àná kúrò nínú ti òní, iye tuntun ló ṣẹ́kù yẹn.

Ẹ ó tètè rí i pé iye ọjọ́ kan kì í dúró lójú kan. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, iye á sì wálẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tó ti kó jọ á ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn á sì máa pariwo. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ẹ máa ro ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méje. Ká ní iye tuntun ọjọ́ méje kan jẹ́ 12, 9, 15, 4, 2, 21 àti 14. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 77, bí a bá pín in sí méje, 11 ni. Mọ́kànlá yìí ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe 21 tó ń dẹ́rù bani, kì í sì í ṣe 2 tó ń tuni lára. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìlú kan wé òmíràn, ẹ tún gbọ́dọ̀ pín iye náà fún iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀: ìlú tó ní èèyàn 20,000, tí 30 nínú wọn ń ṣàìsàn, wà nínú ewu ju ìlú ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí 100 ti ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ya ìlà, nítorí pé ojú tètè ń rí ohun tí iye ń fi pamọ́. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n á gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì tóótó kan sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé lórí káàdì, oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n á tún fi òmíràn sí i, wọ́n á sì fa ìlà so méjèèjì pọ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè wo káàdì náà kí ó sì mọ̀: bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà, bí ó bá tẹ́ gbọọrọ, nǹkan ń ṣe ọmọ. Káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tó fi kọ́ni ni pé ibi tí àmì kan wà kò tó nǹkan, ibi tí ìlà dorí kọ ni ọ̀rọ̀ wà. Bákan náà ni pẹ̀lú àjàkálẹ̀ àrùn, àfi pé ti àrùn, gígùnkè ni ẹ̀rù, títẹ́ gbọọrọ sì ni ìtura.

Ẹ máa kọ iye ọjọ́ tí ó gbà kí àpapọ̀ tó di ìlọ́po méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Àrùn tó ń di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lára ẹnìkan ṣoṣo, tí ohunkóhun kò sì dá a dúró, yóò ti wà lára èèyàn 1,024 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ iye kékeré ju iye ńlá lọ. Bí ọjọ́ ìlọ́po méjì bá ń gùn sí i, láti mẹ́ta sí mẹ́wàá, láti mẹ́wàá sí ogójì, àrùn náà ń rẹ̀ ẹ́, kódà bí àpapọ̀ bá ṣì ń ga.

Ibi tó le jù lọ nìyí: kíka ẹni tí wọn kò kà. Iye tó wà nínú ìkéde ni iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì bá àrùn lára wọn, kì í ṣe iye gbogbo ẹni tó lùgbàdì rẹ̀. Nàìjíríà kéde nǹkan bí èèyàn 266,000 àti òkú 3,155 fún kòrónà, ẹni tó bá sì mọ bí àwọn ilé tó wà ní abúlé ṣe ń sin òkú wọn láìsí ìwé kankan láti ọwọ́ dókítà yóò mọ̀ pé iye yìí kò lè pé. Fún gbogbo ayé, òkú tí àwọn ìjọba kéde fún ọdún 2020 àti 2021 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4, ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò iye èèyàn tó kú ju iye tó yẹ kó kú lọ́dún tí kò sí àjàkálẹ̀, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 15. Ohun tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá kíkà ń lọ déédéé ni iye tí wọ́n yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá yẹ 200 wò, tí wọ́n sì rí i lára 50, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó sì túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ṣì wà níta tí wọn kò tíì rí. Ní oṣù Èbìbí 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ìdá náà wà lábẹ́ 5 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ìjọba tó dẹ okùn ìséde.

Bí iye bá fò sókè lójijì, ẹ béèrè bóyá àrùn ló fò tàbí ìwé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé 2020, iye tuntun tó tó 14,840 jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ìpínlẹ̀ Hubei ní Ṣáínà, nítorí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró mọ àìsàn wọn mọ́ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 èèyàn tó sọnù fún ọjọ́ díẹ̀ nínú iye ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé fáìlì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wọn sí ti kún. Irú ọjọ́ báyìí, mo máa ń fi ìràwọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ iye náà, kí n sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀.

Àrùn kì í fò, ọ̀nà ni ó ń tọ̀, ọ̀nà tí èèyàn ń tọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn gágá wọ Èkó ní ọdún 1918, rélùwéè ló sì gbé e wọ ìgbèríko. Bàálù ló gbé Ẹ̀bólà wá ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ 2014, ohun tó sì pa á ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ nǹkan bí 900 èèyàn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń lọ sí ilé wọn lójoojúmọ́, títí tí Nàìjíríà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà. Ní ìpínlẹ̀ wa, bọ́ọ̀sì ni: ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ìjọba Ọ̀ṣun kó èèyàn 127 tó ti Ivory Coast dé sí ibi ìyàsọ́tọ̀ ní Èjìgbò, àrùn náà sì wà lára díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó mọ bí Èjìgbò ṣe ní ẹbí ní Ivory Coast tó kì bá ti ya ọ̀nà yẹn sínú àwòrán rẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Nítorí náà, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ọ̀nà: ibi tí àwọn èèyàn yín ń gbé, ibi tí ọjà yín ti ń wá, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń dé. Tiwa ní Iléṣà ni ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Òṣogbo.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń mọ ibi tí àrùn gbà ni kíka àbùdá kòkòrò rẹ̀. Bí kòkòrò náà ṣe ń bí sí i lára èèyàn, ó máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bíi ilà ojú tó ń fi ìran hàn. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer's, ni ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti ka àbùdá kòrónà tó wá láti ara aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Ìkànnì Nextstrain ń fi igi ìran yìí hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀yà kan ni ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Bélú 2021, Gúúsù Áfíríkà sọ òtítọ́ nípa ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Omicron, ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi san án ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn arìnrìn-àjò láti ibẹ̀. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti ìròyìn WhatsApp, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé títí tí ẹ ó fi rí i ní ibi méjì tí kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ẹ má sì kọ orúkọ aláìsàn kankan. Ìlú tó ń pe ìgbóná ní olóde mọ bí ojú ṣe ń ti ilé tí àrùn bá wọ̀, bí orúkọ bá sì jáde, ẹni tó kàn yóò sá fún àyẹ̀wò.

Yunifásítì Johns Hopkins, tó ń gbé iye gbogbo ayé jáde lójoojúmọ́, dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Èbìbí ọdún náà pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Láti ìgbà náà, ìròyìn àjọ yẹn lórí àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ àti ìròyìn ọ̀sẹ̀ NCDC ni mo ń kà, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2024, nígbà tí wọ́n kéde pàjáwìrì lórí mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, mo ṣí ojú ewé tuntun, mo fa àyè mẹ́fà sí i, mo sì kọ ọjọ́ sí òkè rẹ̀.