Bí Mo Ṣe Wá Ìyẹ́ Áńgẹ́lì Rí Nínú Igbó Rembrandt

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ nípa àwo bàbà kan tí oníṣẹ́ ọnà méjì fi tẹ àwòrán ní Netherlands láyé Baroque, ìyẹn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Hercules Segers ló kọ́kọ́ fín in, nígbà tó yá ó bọ́ sí Rembrandt lọ́wọ́. Rembrandt ha àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dànù, ó fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe bá a. Wọ́n ní ìyẹ́ áńgẹ́lì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń yọjú láàárín ewé igi. Mo ní kí n fojú ara mi rí i.

Rijksmuseum ní Amsterdam ni mo lọ bá, lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn ní àwòrán tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo gba Tọ́bíà àti Áńgẹ́lì ti Segers, mo gba Sísá Lọ sí Íjíbítì tí Rembrandt ṣe ní nǹkan bí 1653. Àwo náà kò tóbi: bíi sẹ̀ǹtímítà 21 ní gíga, 28 ní fífẹ̀. Ìtàn Tọ́bíà kò sí nínú Bíbélì tí èmi ń kà, inú ti àwọn Àgùdà ló wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, áńgẹ́lì Ráfẹ́lì ló bá a rìnrìn àjò, ó mú ẹja ní odò Tígírísì, òróòro ẹja náà ló sì la bàbá rẹ̀ lójú.

Mo ṣí méjèèjì nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, mo gbé ti Rembrandt lé ti Segers lórí, mo sì mú kí tòkè fẹ́lẹ́ títí tí tìsàlẹ̀ fi ń hàn. Wọn ò kọ́kọ́ bára mu. Wọ́n máa ń fi omi rin bébà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí àwo, bó bá sì gbẹ, á súnkì, kálukú níwọ̀n tiẹ̀. Apá òsì ni mo fi ṣe àmì, torí Rembrandt kò fọwọ́ kan ibẹ̀ púpọ̀. Mo ń fa igun tòkè díẹ̀díẹ̀ títí ìlà òkè ọ̀ọ́kán fi bọ́ sórí ara wọn.

Apá ọ̀tún ni iṣẹ́ wà. Mo sún mọ́ ọn, mo tún sún mọ́ ọn, mo ń tan léyà (ìpele) tí àwòrán Segers wà, mo ń pa á. Lókè orí Màríà àti Jósẹ́fù, nínú ewé, àwọn ìlà kan wà tí wọn kì í ṣe ti ewé: wọ́n gùn, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní maríwò ni. Bí mo ṣe tan Segers báyìí, ìyẹ́ Ráfẹ́lì bọ́ sórí wọn gẹ́lẹ́. Inú ihò tí wọ́n fín sára bàbà ni íǹkì ń dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìlà rẹ́ gbọ́dọ̀ ha bàbà yẹn wálẹ̀, kó sì fi irin dídán rà á títí á fi jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Rembrandt ha ìba tó lè ha, ó da ewé bo ìyókù.

Kì í ṣe àìrí bàbà mìíràn lò. Nígbà tí wọ́n ka ẹrù Rembrandt ní 1656, àwòrán ọlọ́dà Segers mẹ́jọ ló wà nílé rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin náà. Segers pàápàá, ara iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà mìíràn, Hendrick Goudt, tẹ̀ ní 1613 ló ti mú Tọ́bíà, Goudt sì mú un lára àwòrán ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Adam Elsheimer.

Ohun tó wá ń dùn mọ́ mi ni ìwọ̀n àwọn ènìyàn náà. Nínú ti Segers, Tọ́bíà àti áńgẹ́lì tóbi débi pé wọ́n gba iwájú àwòrán. Ilẹ̀ kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Nínú ti Rembrandt, Màríà, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kéré púpọ̀ sí wọn, igi sì ga lé wọn lórí. Àfonífojì kan náà ni o, kò fẹ̀ sí i, síbẹ̀ ọ̀nà Íjíbítì wá jìn lójú mi ju ọ̀nà Tọ́bíà lọ. Igi yẹn ki jù fún mi, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n odindi áńgẹ́lì ló ń fi pamọ́.