Bí mo ṣe wádìí ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ lè gbà sanwó ìtọ́jú wa ní Ẹ̀pẹ́

Aago méjì òru ni ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn kan, ẹni tó wà lẹ́nu káńtà ò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá. "Ẹ kọ́kọ́ lọ sanwó." Ìyá wa sáré lọ kan ilẹ̀kùn alájọ rẹ̀, ó gba owó àjọ tí oṣù ò tíì pé lórí rẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, tìyá tọmọ ló délé láyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Alága ní, "Akọ̀wé, lọ wádìí rẹ̀. Ọ̀nà mélòó ni ìpínlẹ̀ lè gbà sanwó ìtọ́jú aráàlú, èwo ló sì bá wa mu? Kọ ọ́ wá, a ó gbé e fún aṣòfin wa." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tí mo bi tí kò dárúkọ Jákàńdè, gómìnà Èkó láyé ìgbà kan. "Ọ̀fẹ́ ni nígbà yẹn!" Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, wọlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ní 1979, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Bendel, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára nǹkan mẹ́rin pàtàkì tí wọ́n ṣèlérí. Ọ̀nà kìíní nìyẹn: àpò ìjọba ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àwọn ológun sì gbàjọba ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1983. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ohun tí òfin ò bá ya owó sọ́tọ̀ fún, ìjọba tó bá kúrò á gbé e lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí aláìsàn máa sanwó tirẹ̀. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, olú ìlú orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké máa ta oògùn, kí wọ́n sì máa fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Èyí ò burú fún oògùn ibà, torí kì í jẹ́ kí pẹpẹ oògùn ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló máa tà.

Ẹ̀kẹta, adójútòfò ìlera, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń dá owó sílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wọn, ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi, torí òfin rẹ̀ pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tirẹ̀ ní 1999, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2015, ètò tó ti inú rẹ̀ jáde la mọ̀ sí Ìlera Èkó lónìí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Gómìnà Sanwo-Olu náà sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún Èkó ní oṣù Keje, 2024.

Dandan báwo? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe irú òfin yìí ní 2006, ọdún mẹ́rin kí òfin ìlera tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí tó dé. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a tí kò ní adójútòfò, á san owó ìtanràn nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò owó orí rẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó, ìjọba á bá a san. Owó orí ni wọ́n fi mú wọn níbẹ̀. Kí la máa fi mú ẹlẹ́ja tí kò kọ ìwé owó orí rí láyé rẹ̀?

Bí mo ṣe gba Ọjà Olúwo lọ nìyẹn. Mo jókòó ti Àlàájà kan tó ń yan òbòkún. Ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹja náà padà lórí ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹni mẹ́fà sì ń san 40,000: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin.

"Ọ̀kẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Níbo ni n ó ti rí i?"

Mo ní kí ó mú káàdì àjọ rẹ̀ wá. 500 náírà ló ń dá lójoojúmọ́, alájọ ti fa ìlà sí i títí dé àná. Mo pín 40,000 sí ọjọ́ 365, kò ju àádọ́fà náírà lọ. Ó wo fóònù mi, ó wo káàdì rẹ̀.

"Ìyẹn ò lè kọ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ìyàwó méjì, ọmọ mẹ́sàn-án. Nínú ẹni méjìlá, ta ni ká mú, ta ni ká fi sílẹ̀?"

N kò rí èsì fún un. Mo padà sílé, mo fa ìdajì ohun tí mo ti kọ ya.

Ohun tí mo kà fún ìpàdé kò ju ojú ewé méjì lọ. Mo ní adójútòfò ni kí ẹgbẹ́ tì lẹ́yìn, kí ìpínlẹ̀ gba àwọn alájọ ọjà láàyè láti máa gba owó náà lójoojúmọ́, kí ó ka èèyàn lórí dípò ìdílé, kí ó sì fi owó orí san ti arúgbó àti ti aláìní. Bàbá kan bínú, ó ní ọ̀fẹ́ ni kí a bèèrè, ẹ̀tọ́ wa ni. N kò bá a jiyàn, torí mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A nawọ́, àbá mi ló wọlé.

Alága ní ọ̀rọ̀ Àlàájà ni kí ó ṣáájú nínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ aṣòfin. Mo kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, mo sì fi iye ọmọ náà sí i.