Bí a Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Orísun Ọ̀rọ̀ Albáníà Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Albáníà kan ti ṣẹ̀ wá kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sáré ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ohun tó yẹ kó ṣíwájú ni pé kó mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà ní àríwá àti ní gúúsù. Odò Shkumbin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ààlà àwọn ẹ̀ka-èdè méjèèjì: ti Gheg wà ní àríwá rẹ̀, ti Tosk wà ní gúúsù.

Ẹ jẹ́ kí a mú rërë, tó túmọ̀ sí yanrìn. Bí a bá wò ó lójú lásán, kò fi ẹni tó bí i hàn rárá. Ṣùgbọ́n rânë ni àwọn Gheg ń pè é, èyí tó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìró n ló wà láàárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn Tosk sọ n tó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì di r, gẹ́gẹ́ bí venë, ìyẹn wáìnì, ti Gheg ṣe jẹ́ verë lẹ́nu tiwọn. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Fáwẹ̀lì tó ṣíwájú sábà máa ń já dànù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú èdè Látìn: amicus di mik, ọ̀rẹ́, imperator di mbret, ọba. Bí a bá dá a padà síwájú rânë, arena ló yọ sí wa, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù fi ń pe yanrìn.

Ìró yìí kan náà ni yóò sọ ìgbà fún wa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Slav (àwọn ẹ̀yà bí ará Serbia àti Bulgaria) kì í sábà ní àyípadà n sí r, nítorí náà rërë ti wọlé ṣáájú wọn. Ti Tọ́kì kò ṣòro: xhep (àpò ara aṣọ) àti çorap (ìbọ̀sẹ̀) ṣì jọ cep àti çorap àwọn Tọ́kì gan-an, torí wọn kò tíì pẹ́ tó ti Látìn.

Ìwé Gjon Buzuku ti ọdún 1555, èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ìwé Albáníà títẹ̀ tó ṣẹ́kù, wúlò fún àyẹ̀wò, àmọ́ ìwé ìsìn ni; bí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kò bá sí nínú rẹ̀, ìyẹn kò jẹ́ ẹ̀rí. Ìgbà yìí ni kí a tó wá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè lórí orísun ọ̀rọ̀, ti Gustav Meyer ti 1891 tàbí ti Vladimir Orel ti 1998.

Kí a sì ṣọ́ra fún motër. Ó jọ mater ti Látìn, síbẹ̀ kì í ṣe àyálò: ogún àtayébáyé ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò ní ìyá, tó sì di arábìnrin.