Bí a ṣe ń yan ọ̀dà tó tọ́ fún mọ́dẹ́lì ọkọ̀ ogun

Panzer IV kan wà lórí pẹpẹ ìwé mi, mọ́dẹ́lì ìwọ̀n 1/35 (ìdá kan nínú márùndínlógójì ọkọ̀ gidi), ti àwọn ọmọ ogun Jámánì tó wọ ilẹ̀ Faransé ní oṣù karùn-ún ọdún 1940. Àwọ̀ eérú dúdú ni mo kùn ún látòkè délẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ sínú páálí rẹ̀ nìyẹn. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣì í. Àṣẹ tó wà lóde lóṣù yẹn ni pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ara ọkọ̀ jẹ́ eérú dúdú, kí ìdá kan tó kù jẹ́ búráùn dúdú. Oṣù keje ọdún 1940 ni wọ́n tó ní kí wọ́n fi búráùn sílẹ̀, kó ku eérú nìkan. Ká ní ọkọ̀ tó wọ Rọ́ṣíà lọ́dún 1941 ni mo ṣe, àwọ̀ rẹ̀ ì bá tọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọ̀dà wo ni kí òun rà, ọjọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Àwọn ọmọ ogun kì í kun ọkọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àṣẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àṣẹ náà sì ní ọjọ́ lórí.

1. Mú ọkọ̀ kan, ibì kan, oṣù kan

"Mo fẹ́ kun Sherman", ọkọ̀ ogun tí Amẹ́ríkà ṣe tí Gẹ̀ẹ́sì náà lò, kò tíì tó. Sherman ta ni? Ti Amẹ́ríkà ni àbí ti Gẹ̀ẹ́sì? Èyí tó jà ní Tùnísíà lọ́dún 1943 ni, àbí èyí tó gúnlẹ̀ sí Normandy lóṣù kẹfà ọdún 1944? Wá fọ́tò ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wù ọ́, kí o sì kọ nǹkan mẹ́ta sórí ìwé kékeré: irú ọkọ̀ náà, ibi tó wà, oṣù àti ọdún. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Bí o kò bá rí oṣù, wá orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ni ín. Bí o bá ti mọ ẹgbẹ́ náà, o lè tọ ipasẹ̀ wọn dé ibi tí wọ́n wà àti ìgbà tí wọ́n débẹ̀.

2. Wá àṣẹ tó wà lóde nígbà náà

Ti Jámánì ló rọrùn jù láti tọpa, torí pé wọ́n fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà RAL, ti àjọ Jámánì tó ń fún àwọ̀ ní nọ́ńbà. Ọdún 1925 ni wọ́n dá àjọ yẹn sílẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n gbé àkójọ àkọ́kọ́ jáde, àwọ̀ 40. Eérú dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni RAL 7021, búráùn tó bá a rìn ni RAL 7017.

Ní oṣù kejì ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rommel, ọ̀gágun Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í dé Líbíà, eérú ni ọkọ̀ wọn nínú iyanrìn. Oṣù kẹta ni àṣẹ aṣálẹ̀ jáde: RAL 8000, búráùn tó fà sí yẹ́lò, ni yóò bo ara ọkọ̀ jù, kí RAL 7008, eérú tó fà sí àwọ̀ ewé, bo ìyókù. Ní oṣù kẹta ọdún 1942, wọ́n tún pààrọ̀ méjèèjì sí RAL 8020 àti RAL 7027. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "àwọ̀ Áfíríkà" ṣì níláti sọ ọdún wo.

Àṣẹ tó tóbi jù wá jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1943. Láti ìgbà náà lọ, Dunkelgelb, yẹ́lò tó ṣú díẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RAL 7028, ni gbogbo ọkọ̀ yóò fi máa jáde nílé iṣẹ́. Wọ́n wá ń fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní ọ̀dà méjì nínú agolo, búráùn pupa RAL 8017 àti ewé ólífì RAL 6003, kí àwọn fúnra wọn fi ya àbàwọ́n tó bá ibi tí wọ́n wà mu. Ọ̀dà inú agolo náà ki bí òrí, bẹntiróòlù tàbí omi ni wọ́n fi ń là á. Ọ̀dà tí wọ́n là níwọ̀nba á mú àwọ̀ tó jinlẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n là jù á ṣá, yẹ́lò ìsàlẹ̀ á sì máa yọ. Bí o bá rí ọkọ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ kan náà tí àwọ̀ wọn kò jọra, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọdún yìí ju gbogbo ọdún yòókù lọ, torí ọwọ́ èèyàn hàn lára ọkọ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1944, ilé iṣẹ́ gba iṣẹ́ náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọkọ̀ tó jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ogun pẹ̀lú ewé kákí, wọ́n bọ́ sórí búráùn SCC 2 (SCC ni àkójọ nọ́ńbà àwọ̀ tiwọn) nígbà tó yá, wọ́n sì gba SCC 15 ní oṣù kẹrin ọdún 1944. SCC 15 yìí ni Olive Drab tiwọn, bíi ti àwọ̀ ewé ólífì tó ṣú tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lò. Ìdí ni pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wọlé ti pọ̀ jù, kò sì sí àyè àtitún gbogbo wọn kùn.

Olive Drab Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Dúdú àti yẹ́lò amọ̀ ni ìdí rẹ̀. Po méjèèjì pọ̀ lórí abọ́ kan, wàá rí i pé ojú rẹ á kà á sí àwọ̀ ewé. Bí ìgò tí o rà bá wá ń tàn bí ewé ìrẹsì tútù, dá a padà sórí àtẹ.

Ti Rọ́ṣíà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ewé tí wọ́n ń pè ní 4BO ló bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, ẹfun funfun a sì gorí rẹ̀ nígbà yìnyín. Bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń pò ó kò bá ti èkejì mu, nítorí náà àyè wà fún ọ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tó kan àwọn bàbá wa, kó yíjú sí Bọ́mà. Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ti 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan. Olive Drab ni jíìpù fi ń ti Amẹ́ríkà wá. Ewé igbó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàn fún agbègbè yẹn ni SCC 13. Àmì àwọn ti 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn gba inú òṣùká kọjá, òṣùká gan-an tí a fi ń ru ẹrù, torí orí àwọn alárù ni oúnjẹ àti ọta ìbọn wọn ń gbà dójú ogun. Búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lọ lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi ya àmì yẹn, kí o sì fara balẹ̀ yà á.

3. Wo fọ́tò fún ìlà, má wò ó fún àwọ̀

Dúdú àti funfun ni fọ́tò ìgbà ogun pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn sì dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa nípa àwọ̀. Ewé tó tutù, a ní ó dúdú minimini. Aṣọ tó mu aró kánrin, dúdú náà ni. Fọ́tò á sọ fún ọ pé ohun kan ṣú tàbí pé ó mọ́lẹ̀, kò ní sọ ju ìyẹn lọ. Fíìmù kan tiẹ̀ wà láyé ìgbà náà tí kì í rí pupa rárá, orthochromatic ni wọ́n ń pè é: ohun pupa á ṣú nínú rẹ̀, búlúù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ohun tó ṣi èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà lórí Panzer ọdún 1940 nìyí. Eérú rẹ̀ àti búráùn rẹ̀ ṣú bákan náà, fíìmù sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àfi bí o bá rí fọ́tò tó mọ́ dáadáa, tí oòrùn ń bà lára ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí o tó rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Ibi tí àbàwọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí etí rẹ̀ ṣe rí, bóyá búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi yà á tàbí wọ́n fọ́n ọn: ìwọ̀nyí ni kí o gbà lọ́wọ́ fọ́tò. Àwọ̀, ọwọ́ àṣẹ ni kí o ti gbà á.

4. Ṣọ́ra fún ọkọ̀ inú mùsíọ́ọ̀mù

Ó dunni, torí ibẹ̀ la rò pé òótọ́ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ inú mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n ti tún kùn lẹ́yìn ogun, àwọn mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà láàárín ọdún 1940 sí 1941, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya ọkọ̀ wọn ní ìlà gbọọrọ aláwọ̀ mẹ́ta, tí a ń fi orúkọ Bìrìgédíà Caunter pè. Àwọ̀ àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Silver Grey, eérú tó fà sí àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi búlúù sánmọ̀ rọ́pò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ kùn, àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́lì sì tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Matilda, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ búlúù ṣì wà lórí pẹpẹ ọ̀pọ̀ ilé títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà FS tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò. Ọdún 1956 ni Amẹ́ríkà gbé àkójọ FS 595 jáde, ogun sì ti parí ní 1945. Ohun tó sún mọ́ àwọ̀ ìgbà ogun jù ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí.

5. Dán ìgò wò kí o tó gbà á gbọ́

Pupa ni epo, pupa ni osùn, a sì tún ń pe èèyàn ní pupa. Bí orúkọ ṣe rí lára ìgò nìyẹn. To Olive Drab ilé iṣẹ́ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹ́ta ni wàá rí. Nọ́ńbà ọjà, bí XF-63 tí ilé iṣẹ́ Tamiya ń pè ní German Grey tàbí XF-60 tó ń pè ní Dark Yellow, jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Má ṣe dúró síbẹ̀.

Ra ṣíbí ike díẹ̀. Fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú kun ẹ̀yìn wọn, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi ọ̀dà kọ̀ọ̀kan kun ṣíbí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ orúkọ sí ọwọ́ ṣíbí. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí ọ̀dà tutù ń tan ojú. Ìta ni kí o ti wò wọ́n, lábẹ́ ibòòji, láàárọ̀. Iná gílóòbù inú yàrá á sọ gbogbo nǹkan di yẹ́lò. Bí o bá rí káàdì RAL yá, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn: 7021 àti 8017 ṣì wà nínú rẹ̀. Má wá 7028 nínú káàdì tòní, wọ́n ti yọ ọ́.

Ìkìlọ̀ kan: tínnà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò lè jẹ ike mọ́dẹ́lì. Tínnà tí ẹni tó ṣe ọ̀dà náà dárúkọ ni kí o lò, kí o sì ṣí fèrèsé.

6. Jẹ́ kí àwọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀

Bí o bá wo mọ́dẹ́lì 1/35 láti 30 sẹ̀ǹtímítà, bí ìgbà tí o dúró ní nǹkan bíi mítà 10 sí ọkọ̀ gidi ni. Láti ibẹ̀, afẹ́fẹ́ àti eruku á ti fọ àwọ̀ ọkọ̀ gidi díẹ̀. Ọ̀dà tó bá nọ́ńbà mu géérégé á wá ṣú jù lára ohun kékeré. 7021 á fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Fún 1/35, mo máa ń fi ẹ̀kán ọ̀dà kan tó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀kán mẹ́wàá; fún 1/72, méjì. Mi ò fẹ́ràn láti fi funfun sí àwọ̀ ewé àti Olive Drab, torí á jẹ́ kí wọ́n rí bí ẹni tó fi ẹfun pa ara. Àwọ̀ iyanrìn ni mo ń lò fún wọn. Eérú ló gba funfun.

Rántí pé ọ̀dà olómi tí a ń fi sínú kọ̀rọ̀ láti jẹ́ kí ìlà yọ á tún mú un ṣú sí i. Fi èyí sínú ìṣirò rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

7. Eruku ibi tó wà, àti ìwé abẹ́ rẹ̀

Eruku Tùnísíà funfun ju ẹrẹ̀ Rọ́ṣíà lọ, ti Bọ́mà sì pọ́n. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o fi eruku náà sí, kó má bo àwọ̀ tí o ṣe wàhálà lé lórí.

Nígbà tó bá gbẹ tán, yí i padà. Kọ ọjọ́ àti ibi tí o yàn sí abẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà àwọ̀, orúkọ ìgò, àti ẹ̀kán mélòó ni o fi là á. Ti Panzer mi, mo ti kọ ọ́: 7021, 7017, Faransé, oṣù karùn-ún 1940. Mo ti fi sáǹpépà ha á, búráùn rẹ̀ ló kù.