Sáfà Tuntun Tí Kò Gba Windows tàbí Linux: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Ẹ ra sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí iléeṣẹ́ yín ní Àjàṣẹ́, irú èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ inú àpótí irin. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ń retí kí Windows Server tàbí Ubuntu (oríṣi Linux kan) bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ní òun ò rí dísìkì kankan. Kì í sábà jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nínú sáfà kí ẹ tó mú fláàṣì ni ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ so iná rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ sáfà ló ní ojú iná méjì lẹ́yìn. Ẹ so méjèèjì, kí ọ̀kan ó kéré tán wà lára onduleur (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró), torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí ẹ bá tàn án, ẹ fara balẹ̀: sáfà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ pọ̀ máa ń yẹ ara rẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fi nǹkan hàn. Ẹ má pa á.

Ó wá kan dísìkì. Àwọn dísìkì tí ẹ ń rí níwájú sáfà kọ́ ni Windows tàbí Linux máa rí. Káàdì RAID, èyí tó ń kó dísìkì pọ̀ bí ẹyọ kan, ló wà láàárín, ohun tí káàdì náà bá fi hàn ni wọ́n ń rí. Bí ẹ ò bá tíì sọ fún un bí kó ṣe kó àwọn dísìkì náà pọ̀, ó lè má fi ẹyọ kan hàn. Lórí Dell, ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn. Lórí HPE, F9. Ẹ wá ibi tí orúkọ káàdì RAID wà, kí ẹ dá dísìkì àpapọ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀. RAID 1 máa ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì: 4 TB méjì á fún yín ní 4 TB. RAID 5 ń fẹ́ mẹ́ta ó kéré tán: 4 TB mẹ́ta á fún yín ní 8 TB. Fún ibi tí Windows tàbí Linux fúnra rẹ̀ máa gbé, RAID 1 ni mo fara mọ́, torí bí dísìkì kan bá kú, èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra o, ohun tó bá wà lórí àwọn dísìkì náà tẹ́lẹ̀ á lọ.

Bí Windows ò bá tún rí i, draifà ló ń wá, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kó lè bá káàdì náà sọ̀rọ̀. Ẹ wa draifà káàdì náà láti ojú òpó iléeṣẹ́ tó ṣe sáfà. Fáìlì .exe ló sábà máa ń jẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú u lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó kó o sórí fláàṣì. Ẹ tẹ “Load driver”, kí ẹ yan àpò tí fáìlì .inf wà nínú rẹ̀. Linux kì í sábà béèrè èyí, ó ti ní ọ̀pọ̀ draifà RAID nínú.

Bí fláàṣì gan-an ni kò bá ṣí, ẹ tẹ F11 bí sáfà ṣe ń tàn. Bí orúkọ fláàṣì bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ní “UEFI” níwájú ni kí ẹ mú, òun ni ọ̀nà tuntun tí sáfà ń gbà tàn. Ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Legacy, kì í lè lò ju 2 TB lọ lórí dísìkì tí wọ́n bá fi MBR, ìlànà àtijọ́ fún pípín dísìkì, pín. FAT32, ìlànà kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì, náà kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB, install.wim, fáìlì ńlá tí Windows Server wà nínú rẹ̀, sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi Rufus, ètò kan lórí Windows, ṣe fláàṣì náà, ó mọ bó ṣe ń yanjú èyí. Bó bá sì jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù lẹ fi wa fáìlì Windows tàbí Linux náà, ẹ fi sha256sum wò ó bóyá ó pé: àmì gígùn tó bá gbé jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lójú òpó tí ẹ ti wa fáìlì náà mu.

Ohun tó ń yọ àwa tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́nu jù ni kíbọ́ọ̀dù. Ti Faransé ló wà lórí tábìlì wa, ti Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń mú bí ẹ ò bá yí i padà. Ká ní ẹ tẹ agbado25 gẹ́gẹ́ bí páásíwọ́ọ̀dù: qgbqdo@% ni sáfà gbà. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fẹ́ wọlé láti kọ̀ǹpútà mìíràn, á ní irọ́ ni, ẹ̀yin á sì rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ yan “French” kí ẹ tó kọ páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níbi tí orúkọ ń wọlé, kí ẹ lè fojú rí ohun tó ń jáde.

Ẹ wo déètì sáfà náà pẹ̀lú. Bó bá wà lẹ́yìn, Debian (Linux mìíràn) àti Ubuntu lè kọ̀ láti gba fáìlì láti íntánẹ́ẹ̀tì. Agbègbè aago wa ni Africa/Porto-Novo.

Bí gbogbo èyí ò bá yanjú rẹ̀, ẹ so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ojú iDRAC lórí Dell tàbí iLO lórí HPE, ìyẹn ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ ṣí i nínú burausa. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń sọ bí mẹ́mọ́rì, dísìkì tàbí ojú iná kan bá ní àbùkù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà sáfà náà, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín.